Ìlà Keje, Ibojì Kẹrin

Nígbà tí a ó fi dé itẹ́ òkú, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì ti fọ́ táìlì mẹ́ta.

Ó dúró lórí sàréè tuntun kan tó ń dán, ó di ṣọ́bìrì mú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sọnù. Níwájú rẹ̀ ni ọkùnrin sísanra kan wà tí eruku sìmẹ́ńtì bo ṣòkòtò rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí, ó ń pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀ o! Orí ẹ̀gbọ́n mi lò ń fi ṣọ́bìrì gbá yẹn!"

"Bàbá mi ló wà níbẹ̀," obìnrin náà dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n yín ló lọ ká a mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì."

Èmi ni mo lọ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Sájẹ́ńtì ni mí, mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, orúnkún mi méjèèjì sì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Mo kórìíra itẹ́ òkú. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí o, ó kàn jẹ́ pé kò síbi tí èèyàn lè jókòó sí níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ àyà ẹnìkan ló jókòó lé.

Ọ̀gá mi ni Ìnsípẹ́kítọ̀ obìnrin tí gbogbo àgọ́ wa ń pè ní Ìyá Ìbéèrè. Àbúrò mi àbígbẹ̀yìn jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun lọ̀gá, Bàbá Sájẹ́ńtì ló sì máa ń pè mí, kódà nígbà tí inú bá ń bí i. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Téèpù ìyá yẹn kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀, kò sì sí ohun tí kò lè fi wọ̀n, àti ilẹ̀kùn, àti ẹsẹ̀ olè.

"Ta ló kú?" ó bi Nọ́ọ̀sì léèrè, bí ẹni pé kò rí táìlì tó fọ́.

"Ìyá mi, mà. Lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ṣì wà ní mọ́ṣúárì."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ sin wọ́n?"

"Ọ̀túnla, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ibojì méjì ni ìdílé wa ní níbí, mà. Bàbá mi wà nínú ọ̀kan láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Wọ́n fi ìkejì sílẹ̀ de ìyá mi. Mo wá wo ibẹ̀ láàárọ̀ yìí kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, mo bá bá ilé onílé lórí rẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. "Ìyá mi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọdún mẹ́rin. Ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n bá mi sọ lórí fóònù ni pé, 'Má jẹ́ kí n dá sùn o. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni kí o gbé mi sí.' Mo dá wọn lóhùn pé mo gbọ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́."

Ìgbà yẹn ni Akọ̀wé itẹ́ òkú dé. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó tó ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ó ki bírò mẹ́ta bọ àpò àyà rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń ba aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Ẹ rọra, màmá. Ọ̀fọ̀ máa ń da èèyàn lórí rú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé yín han ọ̀gá ọlọ́pàá."

Nọ́ọ̀sì mú ìwé náà jáde látinú ọ̀rá. Omi ti jẹ ìdajì òkè rẹ̀. Kò sí orúkọ lára rẹ̀ mọ́, òǹtẹ̀ itẹ́ òkú nìkan ló kù àti ìlà ọ̀rọ̀ kan: Ìlà Keje, Ibojì Kẹrin àti Ìkarùn-ún.

"Ó dáa," Akọ̀wé ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ó mú wa padà sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà sókè ketekete bí olùkọ́ kíláàsì kìn-ín-ní. Nígbà tó pé méje, ó yà, ó ka ibojì láti ẹ̀gbẹ́ ògiri: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Sàréè àtijọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ti ọkọ àtìyàwó kan. Ogójì ọdún ni wọ́n ti kú, òkúta wọn sì ti hu èéhù.

"Ṣé bàbá yín nìyí, màmá?"

Nọ́ọ̀sì mi orí.

"Ibi tí ẹ wá ń fọ́, ìlà kejìlá ni." Ó yíjú sí ọkùnrin sísanra yẹn. "Oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tiyín."

Oníbúlọ́ọ̀kù la tiẹ̀ sílẹ̀. Ìlà Kejìlá, Ibojì Kẹrin àti Ìkarùn-ún, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni déètì rẹ̀. Òǹtẹ̀ kan náà ni. Ó ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ìkẹrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sì ti fi táìlì bo ìkarùn-ún de ara rẹ̀.

Kí n má parọ́, lójú tèmi ẹjọ́ ti parí. Ìwé méjì, nọ́mbà méjì, ilẹ̀ méjì. Ohun tó kàn ń yọ mí lẹ́nu ni pé Nọ́ọ̀sì kò wo ìlà keje yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń nà sí ìlà kejìlá ṣáá, bẹ́ẹ̀ a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

"Ẹ̀rọ omi yẹn!" ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ẹrẹ̀ kún bàtà mi lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, ìdí ẹ̀rọ omi tó wà níparí ìlà yẹn ni ìyá mi ti fọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ibí yìí ni!"

"Ẹ̀rọ omi kì í ṣe ìwé, màmá," Akọ̀wé sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà náà! Bàbá mi wa ọkọ̀ ńlá, ó ní ìjàm̀bá, wọ́n fi irin gígùn kan àti ìṣó kéékèèké mẹ́fà so egungun itan rẹ̀ ọ̀tún pọ̀. Tí mo bá jókòó lé e lẹ́sẹ̀, mo máa ń fọwọ́ kàn án. Egungun lè jẹrà, irin yẹn kò ní jẹrà. Ẹ gbẹ́ ẹ!"

Mo wo Akọ̀wé. Ó ń fi ìka ka bírò àpò rẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

A wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Yàrá kékeré ni, ní igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tábìlì kan, àga mẹ́ta, kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan. Nọ́ọ̀sì jókòó, ó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó di ojú. Ọ̀gá mi ní kí Akọ̀wé gbé ìwé àkọsílẹ̀ ọdún wọ̀nyẹn wá.

"Ikán ti jẹ ẹ́, ọ̀gá."

"Kí ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn?"

"Àjẹkù ikán náà ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti sọnù ó ti pẹ́."

"Ikán tó mọ̀wé ni," Ìyá Ìbéèrè ní. "Ọdún tí a nílò gan-an ló jẹ."

*

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀gá mi ní ká rìn. Mo ní ká rìn lọ síbo? Ó ní láti ẹnu ọ̀nà títí dé ògiri tó kọjú sí i lọ́hùn-ún, kí n sì máa ka orúkọ ara òkúta fún òun.

Oòrùn ń ta bí iná. Àwọn sàréè tuntun kò ni mí lára, wọ́n dojú kọ wá, mo kàn ń kà wọ́n lọ. Àwọn ti àtijọ́ ló fẹ́ pa mí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni mo ní láti yípo lọ sẹ́yìn kí n tó rí orúkọ. Nígbà tí mo fi dé ìlà kẹwàá, orúnkún mi ti ń dún.

"Bàbá Sájẹ́ńtì, kí lẹ ń yípo sí bí ẹni ń jó?"

"Àwọn òkú àtijọ́ yìí ni kò lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá. Gbogbo wọn ló kọ ẹ̀yìn sí àlejò."

Ó dúró. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, inú sì ń bí mi.

"Tí èèyàn bá gbé òkúta kalẹ̀ fún òkú rẹ̀, ta ló fẹ́ kó kà á?"

"Ẹni tó bá ń wọlé bọ̀."

"Ẹni tó ń wọlé bọ̀ láti ibo?"

Ó ti ń sáré lọ síbi ògiri ìsàlẹ̀, báàgì rẹ̀ ń gbá a nídìí. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ti na téèpù. Ògiri tó kù ti dúdú fún èérí, ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ti yí àwọ̀ padà, ihò tó hàn lórí rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu, ibi tó yí padà náà sì fẹ̀ tó kí ọkọ̀ ńlá gba ibẹ̀ wọlé.

"Ẹnu ọ̀nà ni èyí tẹ́lẹ̀," ó ní. "Ìlà mélòó la kà?"

"Méjìdínlógún."

"Ẹ dúró síbí. Ẹ kẹ̀yìn sí ògiri yìí, kẹ́ ẹ tún ka méje fún mi."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ìlà keje, mo ya sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn, mo ka ẹ̀rin, mo wo ilẹ̀. Àfọ́kù táìlì ló wà lẹ́sẹ̀ mi, bàtà Nọ́ọ̀sì tó sọnù sì wà nínú koríko níbẹ̀. Ẹ̀rọ omi ń kán tó, tó, tó.

"Háà! Ọ̀gá! Ibì kan náà ni!"

"Ìlà keje láti ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ni ìlà kejìlá láti ẹnu ọ̀nà tuntun. Ẹ má tíì yọ̀. Tó bá jẹ́ ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n dí ibí yìí, a jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tuntun ni wọ́n fi kọ ìwé Nọ́ọ̀sì náà, Akọ̀wé ló sì jàre. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọdún tó kọjá ni, ìwé Oníbúlọ́ọ̀kù ka ìlà láti ẹnu ọ̀nà tí wọn kò tíì kọ́."

"Oníbúlọ́ọ̀kù ló ṣe ayédèrú ìwé!" Mo ti ń wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú àpò mi. "Mo mọ̀ ọ́n látìgbà tó ti ń pariwo!"

"Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, Bàbá Sájẹ́ńtì."

"Àgbà òṣìkà," mo parí rẹ̀ fún un, mo dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sápò.

*

Agbẹ́sàréè jókòó lábẹ́ igi, ó ń pọ́n ọkọ́ rẹ̀. Ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní ọdún mẹ́fà péré ni òun ti ṣe níbẹ̀, òun kò mọ ẹnu ọ̀nà míì yàtọ̀ sí èyí.

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n Oníbúlọ́ọ̀kù?"

"Èmi ni."

"Báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí?"

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó wo ọ̀nà ọ́fíìsì. "Ó rọ̀."

"Rọ̀ bíi kí ni?"

"Ilẹ̀ tẹ́nìkan kò gbẹ́ rí máa ń bá ọkọ́ jà, ọ̀gá. Èyí kò bá mi jà. Mo ti lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyá mi ń ṣàìsàn. Ọjọ́ Ajé tí mo dé ni Akọ̀wé ní kí n gbẹ́ ibẹ̀. Mo rí pákó jíjẹrà díẹ̀ nísàlẹ̀, mo sì rí ìṣó. Mo fi hàn án. Ó ní gbòǹgbò igi ni."

"Ìgbà wo ni gbòǹgbò igi bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìṣó?" mo bi í.

"Èmi náà bi ara mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọkọ́ rẹ̀ padà. "Ọmọ mẹ́rin ni mo ní, bàbá. Ìbéèrè tí mo lè bi ara mi pọ̀ ju èyí tí mo lè bi ọ̀gá mi lọ."

Ọ̀gá mi kò bínú sí i. Ó kàn bi í bóyá ó rí irin gígùn kan. Ó ní rárá, òun kò rí irin, òun kò sì rí egungun. Ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ jáde ni ilẹ̀ yẹn.

*

Àgbàlá Oníbúlọ́ọ̀kù kún fún búlọ́ọ̀kù tútù tí wọ́n tò sínú oòrùn. Bó ṣe rí wa, ó nu ọwọ́.

"Ó yá, ẹ mú mi. Táìlì tèmi ni wọ́n fọ́, èmi náà ni ọlọ́pàá wá bá. Ayé ti yí!"

"A kò tíì mú yín," ọ̀gá mi dá a lóhùn. Ó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan. "Oníhò mẹ́ta. Mo rí irú èyí lára ògiri itẹ́ òkú lónìí."

Ìbínú ọkùnrin náà yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni a máa dùn mọ́ni. "Ẹ rí i? Èmi ni mo ṣe é! Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà nìyẹn lẹ́yìn tí bàbá mi fi ibí yìí lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ torí wọ́n ti la títì tuntun lápá kejì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bí àkọ́bí mi. Ó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lóṣù tó kọjá."

Èmi àti ọ̀gá mi tẹjú mọ́ ọn. Ó wo ọ̀gá mi, ó wò mí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wò mí báyìí?"

Ìyá Ìbéèrè ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Ó fi ìka lé déètì, ó fi ìka lé ìlà kejìlá, ó sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Ọkùnrin yẹn kò gé e lọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọ̀gá mi parí, Oníbúlọ́ọ̀kù jókòó lórí búlọ́ọ̀kù tútù, búlọ́ọ̀kù náà fọ́ lábẹ́ rẹ̀, kò sì dìde.

"Ṣé ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo gbé ẹ̀gbọ́n mi sí?"

"Ta ló fún yín níwèé yìí?"

"Akọ̀wé. Bàbá mi ra ibojì méjì níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀gá, n kò parọ́! Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìlà tó kẹ́yìn pátápátá lòun rà, ní igun ògiri, kó lè jìnnà sẹ́nu ọ̀nà, kí ariwo ọkọ̀ má bàa jí òun. Ìlú míì ló padà kú sí, ibẹ̀ la sin ín sí. Ìwé rẹ̀ jóná. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, mo lọ bá Akọ̀wé, ó ní kí n fún òun lọ́jọ́ márùn-ún kóun wá a. Ìgbà tí mo padà lọ, ìwé ti jáde, owó ìwé nìkan ló sì gbà."

"Ẹ kò bi í bí ìlà ìkẹyìn ṣe di ìlà kejìlá?"

"Mo bi í. Ó ní àgbàlagbà máa ń gbàgbé." Ó fi ọwọ́ sìmẹ́ńtì nu ojú. "Òkú wà nílẹ̀, ọ̀gá. Ẹni tí òkú wà nílẹ̀ fún kì í rójú yẹ̀wé wò."

Ojú tì mí díẹ̀ nítorí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lápò mi. Ọ̀gá mi kò tún bi í ní nǹkan kan mọ́. Nínú ọkọ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ lábẹ́lẹ̀: "Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá. Igun ògiri."

*

Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ àárọ̀, a padà sí ọ́fíìsì Akọ̀wé. Àwa pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì ni. Ó tún jókòó síbi tó jókòó sí lánàá. Akọ̀wé ti ṣètò ohun tó fẹ́ sọ: ó ti bá wọn wá àyè ní itẹ́ òkú kejì lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ìyá yóò sinmi dáadáa.

"Òun nìkan?" Nọ́ọ̀sì bi í.

Akọ̀wé yíjú sí fèrèsé.

"Ọdún mélòó lẹ ti ṣe níbí?" Ìyá Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀.

"Ogún ọdún, ọ̀gá."

"Ẹ ti wà níbí kí wọ́n tó yí ẹnu ọ̀nà padà, nígbà náà. Lánàá, nígbà tẹ́ ẹ ń ka ìlà sókè fún wa, ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tí kò yẹ lẹ ti ń kà á."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi bírò.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti dí èyí àtijọ́. Ìwé Oníbúlọ́ọ̀kù ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lòun, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà tuntun ló fi ka ìlà. Ojoojúmọ́ lẹ ń ka ìlà báyẹn, ó ti mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tí n kò kọ́kọ́ rí ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀yin kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ju owó ìwé lọ. Ẹni tí kò jẹ èrè, kí ló ń parọ́ fún? Ìgbà yẹn ni mo rántí bàbá rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nígbà yẹn, òun ni ìlà kìn-ín-ní lónìí. Bàbá Sájẹ́ńtì, kí ló wà ní igun ìlà kìn-ín-ní?"

Mo wo ògiri lápá ọ̀tún. Mo wo ẹnu ọ̀nà lójú fèrèsé. Mo wo sìmẹ́ńtì abẹ́ bàtà mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Ọ́fíìsì yìí ni," mo ní.

"Ọ́fíìsì yìí ni. Orí ilẹ̀ tí bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù rà ni àga yín wà láti ọjọ́ yìí wá."

Akọ̀wé kò jiyàn. Ó yọ bírò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó jọ pé ó ti ń retí wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà," ó ní. "Wọ́n ní kí n yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wò, kí n fi èèkàn síbi tẹ́nìkan kò tíì rà, ibẹ̀ ni wọn ó kọ́ ọ́fíìsì sí. Òjò ń rọ̀. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wo ilẹ̀, n kò rí sàréè, mo kan èèkàn. Ìgbà tí mo padà yẹ ìwé wò, wọ́n ti da ìpìlẹ̀. Mo ní kò burú, bóyá ẹni tó ni ín kò ní wá."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ f'ógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ti ọkùnrin yìí, ó ku ọdún kan péré kó pé ogún.

"Oníbúlọ́ọ̀kù wá wá," ọ̀gá mi ní.

"Ó wá. Òkú wà nílẹ̀ fún un. Tí mo bá sọ òótọ́, wọn á lé mi. Mo rìn káàkiri inú ọgbà, mo wá ibi tí koríko pọ̀ jù, ibi tẹ́nìkan kò wá mọ́." Kò lè wo Nọ́ọ̀sì. "Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ kankan kò dé ibẹ̀. Mo rò pé ìdílé náà ti tán. Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹ, lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí agbẹ́sàréè lọ sílé."

Nọ́ọ̀sì dìde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Bàbá mi dà?"

Akọ̀wé kì ọwọ́ bọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó fa okùn kan jáde. Kọ́kọ́rọ́ tó sọnù náà ló wà nídìí okùn yẹn.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà, mo fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Lókè, ìwé àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, ikán kò tilẹ̀ kí i. Ọ̀gá mi ṣí i: Ìlà Keje, Ibojì Kẹrin àti Ìkarùn-ún, orúkọ bàbá Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ awakọ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀. Nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, àpò sìmẹ́ńtì kan ló wà níbẹ̀, Akọ̀wé ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó ká a dáadáa, ó fi okùn dì í. Ọ̀gá mi tú u. Irin gígùn kan ló yọ láàárín egungun, ó ṣì so mọ́ egungun tó ti pọ́n, ìṣó mẹ́fà. Orí ìkẹta ti ṣẹ́.

Àti òní àti àná, ọmọ rẹ̀ ló fẹ̀yìn tì í.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Kò sunkún. Ó na ìka kan, ó fi kan irin náà, lórí ìṣó kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Akọ̀wé.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn yìí, kí lẹ máa ń ṣe?"

Ọkùnrin náà tẹ orí ba.

"Mo máa ń kí wọn, mà. Mo máa ń sọ pé, 'Ẹ káàárọ̀, bàbá.'"

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ sókè, mo rò pé yóò gbá a létí, n kò sì ní dí i lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ náà bo ẹnu ara rẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá," ó ní. "Èmi ọmọ wọn, ọdún mọ́kànlá, n kò wá kí wọn."

*

Dókítà fi irin náà wé àwòrán egungun bàbá Nọ́ọ̀sì tó wà nínú àpótí ẹrù ìyá rẹ̀. Ìṣó mẹ́fà, orí ìkẹta ṣẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ sì ti sọ èyí tó kù. Àwọn ibojì náà jẹ́ ti ìdílé Nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn mọ́. Ọ̀gá mi ní òfin yóò jẹ́ kó gbé ẹ̀gbọ́n Oníbúlọ́ọ̀kù kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì, mọ́ṣúárì kò sì ní tọ́jú ìyá kọjá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ má jí i," Nọ́ọ̀sì ní. "Òun náà kò mọ̀. Ó ti tó ẹni kan tí wọ́n ti jí."

Ní Ọjọ́bọ̀, Oníbúlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ dé, òòlù lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ táìlì tó fi bo ibojì karùn-ún, tó ti ń tọ́jú de ara rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Ó ń bẹ Nọ́ọ̀sì bó ṣe ń fọ́ ọ. Agbẹ́sàréè gbẹ́ ibẹ̀ jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ náà le, mo gbọ́ tó ń bá ọkọ́ jà.

Káfíńtà ti kan àpótí kékeré fún bàbá. Ìyá Ìbéèrè ló fi téèpù ìyá rẹ̀ wọn pósí, ó wọn àpótí, ó wọn ilẹ̀, ó ní àyè gba àwọn méjèèjì. Wọ́n sọ ìyá sílẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì gbé àpótí kékeré fún agbẹ́sàréè, ó ní rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ bàtà, ló sọ̀kalẹ̀, ló gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ̀ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ lé àpótí náà lórí, gbogbo wa sì gbọ́ ohun tó sọ.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Màmá ti dé."

Èmi àti Oníbúlọ́ọ̀kù la jọ fà á sókè. Ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé kókósẹ̀, ọ̀gá mi sì mú un lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi lọ fọ̀ ọ́ fún un.